Wákàtí Kan Tí Mi Ò Rí Mọ́mì ní Tokyo

Oṣù kẹta tí Mọ́mì lò lọ́dọ̀ wa ní Lawrenceville, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlanta ní Amẹ́ríkà, ni mo ṣàkíyèsí pé wọn kì í rojọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn, ojoojúmọ́ ni: òtútù ilé wa ti pọ̀ jù, àwọn ọmọ mi ń dá àwọn lóhùn bí ẹgbẹ́ wọn, irú àdúgbò wo lèyí tí èèyàn ò lè fẹsẹ̀ rìn lọ ra iyọ̀? Nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Bí mo bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo máa ń fi wọ́n sí. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà ni màá bá wọn.

Nítorí náà, nígbà tí ọ́fíìsì wa ní Downtown, àárín ìlú Atlanta, ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní Tokyo, mo sọ pé màá mú Mọ́mì dání. Ọkọ mi bi mí pé kí ni ìyá ẹni àádọ́rin ọdún fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣáà rí òde. Ìwé àṣẹ tí wọ́n máa fi wọ ìlú náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde, àmọ́ ó jáde nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Obìnrin kan wà lọ́fíìsì wa tí wọ́n bí sí Tokyo, tó sì dàgbà síbẹ̀. Ó jókòó tì mí lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó ń sọ, mo ń kọ. Ó ní kí a mú owó pépà àti owó ẹyọ dání, torí kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń gba káàdì. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lójú títì, kí a mú ọ̀rá kan tí a ó máa kó tiwa sí títí a ó fi délé. Tí a bá wà lórí àtẹ̀gùn tó ń gbéra fúnra rẹ̀, apá òsì ni kí a dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè rí ọ̀nà gbà. Kí a mọ nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí a fẹ́ bá jáde kí a tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, torí ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà mìíràn jáde, àdúgbò mìíràn ló máa bá ara rẹ̀. Kí a gba káàdì hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi èdè wọn kọ àdírẹ́sì sí, kí a má sì jẹ́ kó kúrò lára wa. Nínú ọkọ̀, kí a má pariwo.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí Mọ́mì lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ti ọkọ̀ yẹn ló yà wọ́n lẹ́nu jù.

"Gbogbo èèyàn yẹn á kàn dákẹ́?"

"Wọ́n á dákẹ́, Mọ́mì."

"Kò sí ẹni tó máa kí ara wọn?"

Mo ní kò sí. Wọ́n mi orí, wọ́n ní kí n máa kà á lọ.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dára. Mọ́mì á wà ní hòtẹ́ẹ̀lì di ọ̀sán, tí mo bá ti parí ẹ̀kọ́ màá wá mú wọn jáde. Lọ́jọ́ kẹta, a lọ wo ọgbà òdòdó kan. Nígbà tí a ń darí bọ̀, ó ti di àsìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ sílé. Èrò tó wà ní ibùdókọ̀ ojú irin náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí, èmi tí mò ń wa mọ́tò lọ síbi gbogbo ní Atlanta. Wọ́n tò, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mo tẹnu bọ Mọ́mì létí, mo ní, "Tí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, ẹ má wẹ̀yìn o. Ẹ ṣáà wọlé kíá. Ẹ̀yìn yín ni mo wà."

Ohun tí mo sọ ni wọ́n ṣe. Ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n wọlé, wọn ò wẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wọ kóòtù dúdú gba àárín wa kọjá. Báàgì mi há mọ́ ẹnì kan lápá. Kí n tó fà á yọ, ilẹ̀kùn ti pa dé.

Mo rí ojú Mọ́mì nínú gíláàsì. Wọ́n ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ ohun tó kàn. Mo na àtẹ́lẹwọ́ sí wọn, mo ń pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ dúró!" Èmi fúnra mi ò mọ èyí tí mò ń sọ, bóyá kí wọ́n dúró sínú ọkọ̀ ni o, àbí kí wọ́n sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn kí wọ́n dúró dè mí níbẹ̀. Ọkọ̀ sì lọ.

Òmíràn dé kí n tó mí kanlẹ̀. Mo gbẹ́sẹ̀ kan wọ inú rẹ̀, mo tún fà á jáde. Tí mo bá tẹ̀ lé wọn, tí wọ́n sì padà wá ńkọ́? Ìgbà yẹn ni mo wá rántí pé káàdì hòtẹ́ẹ̀lì méjèèjì wà nínú báàgì mi. Mo ti gba ti Mọ́mì lọ́wọ́ wọn kó má baà sọnù. Fóònù wọn sì wà ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Mo sáré bá òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ tiwọn. Ó yọ fóònù kan tó ń túmọ̀ èdè, ó sọ̀rọ̀ sí i, fóònù bi mí pé aṣọ wo ni ìyá mi wọ̀. Èmi ni mo bá wọn we gèlè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, síbẹ̀ mi ò rántí àwọ̀ rẹ̀. Mo ní, "Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n. Wọ́n ti dàgbà." Ó tún bi mí pé èdè wo ni wọ́n ń sọ. Mo ní Yorùbá. Fóònù náà dákẹ́. Mo tún un pè, ó kọ nǹkan míì tó mú kí ọkùnrin náà fajú ro.

Ó pe àwọn ibùdókọ̀ tó wà níwájú. Wọ́n ní kò sí ìyá kankan níbi tí èrò ti ń wọkọ̀. Wọ́n fún mi ní tíì nínú yàrá kékeré kan, mo dì í mú títí ó fi tutù. Mo pe ọkọ mi. Ìdájí ni ní Atlanta.

"Mọ́mì sọnù," mo ní.

Ó ní, "Kí ni kí n ṣe?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé kí n gbàdúrà?"

"Gbàdúrà."

Nígbà tó yá, ọkùnrin yẹn mú bébà, ó ya òbìrìkítí kan sí i, ó fi bírò tẹ̀ lé e yí po títí ó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó yé mi: ọkọ̀ náà ń yí ìlú po ni. Tí wọn ò bá sọ̀ kalẹ̀, á gbé wọn padà wá. Ó bá mi lọ dúró síbi tí ilẹ̀kùn yẹn ti ṣí. Ọkọ̀ dé, kò sí Mọ́mì. Òmíràn dé. Mo ka márùn-ún. Mi ò lè ṣe nǹkan kan, àfi kí n máa wo ojú àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìkẹfà ṣí, mo rí gèlè. Aláwọ̀ ewé ni. Mọ́mì jókòó, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ sì sùn lé wọn léjìká. Mo bẹ́ wọlé. Ilẹ̀kùn pa dé, ọkùnrin oníbọ̀wọ́ funfun wà níta, mi ò lè ju kí n tẹríba fún un nínú gíláàsì.

"Mọ́mì!"

Wọ́n fi ìka lé ẹnu. "Má pariwo," wọ́n ní, jẹ́jẹ́. "O máa jí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀?"

"Mo fẹ́ sọ̀. Mo fẹ́ dìde báyìí ni ọmọ yìí sùn lé mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo ní kí n jẹ́ kó jí."

Mo dúró níwájú wọn, mo di irin tó wà lókè orí mú, omi ń bọ́ lójú mi. Nígbà tí ọmọ náà jí, ojú tì í, ó tẹríba bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Orúkọ ibùdókọ̀ tí mo ti pàdánù Mọ́mì, mi ò lè pè é dòní. Mi ò padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Ní hòtẹ́ẹ̀lì, Mọ́mì bọ́ bàtà, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní àwọn ò bẹ̀rù ikú. Ohun tó ba àwọn lẹ́rù ni pé nǹkan kan ò wá sí àwọn lọ́kàn: orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì ò wá, nọ́ńbà mi ò wá, títì tí a ń gbé ní Lawrenceville gan-an ò wá. "Tí ẹnì kan bá bi mí pé níbo ni kí wọ́n mú mi lọ, kí ni màá sọ?" Mo kọ́ wọn ní nọ́ńbà mi lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n kà á tẹ̀ lé mi dáadáa. Nígbà tó di àárọ̀, wọn ò rántí ju mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí a padà dé, wọ́n ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé.

Mo ní, "Ṣé nítorí Tokyo ni? Ẹ dákun, mo bẹ̀ yín."

"Rárá o," wọ́n ní. "Ní Tokyo, o wá mi."

Mo lọ bá ọ̀gá mi ní Downtown pé kó jẹ́ kí n máa fi ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ilé. Ó ní òun máa wò ó. Ó ṣì ń wò ó nígbà tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn. Mọ́mì di ẹrù wọn fúnra wọn, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n sì ní kí n lọ wo oúnjẹ lórí iná.