Pákó Ọkọ̀ Ìyá Mi

Ọ̀dà dúdú ni wọ́n ń sè lẹ́bàá Zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, láàárọ̀ àná, tí òórùn rẹ̀ fi wọ inú takisí tí a wà. Gbogbo èrò bomú. Èmi fà á símú bí ẹni gbóòórùn ẹran àsun. Ọmọ ọmọ mi, Sàídátù, tó jókòó tì mí, béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní òórùn ọkọ̀ ìyá mi ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò ní gbà pé Anago kan, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Côte d'Ivoire níbí, ní ọkọ̀ ojú omi rí ní Bouaké. Ìyá mi ní in. Ọkọ̀ onígi tó ti gbó ni, orí adágún tó wà níwájú Sakassou ló ń gbé, òun ló fi ń kó aṣọ lọ sí àwọn abúlé òdìkejì tí mọ́tò kò dé. Wọ́n fi pákó bo iwájú rẹ̀, abẹ́ pákó yẹn sì ni aṣọ máa ń wà. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ní ti ọkọ̀ wa, òjò ni aláǹgbá.

Lọ́dún kan, ọyẹ́ fẹ́, pákó náà sì là káàkiri. Òjò ti ba aṣọ jẹ́ lọ́dún tó ṣáájú, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà sì ti sú bàbá mi. Ó ní bí aṣọ Iléyá bá tún fi lè rẹ, òun á ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń yan ẹja, kí wọ́n fi dáná. Káfíńtà ní ká tètè ki àkísà àti ọ̀dà bọ gbogbo ojú ibi tó là, nígbà tí igi ṣì gbẹ. Ìyá mi kọ̀.

Ó ní, "Ta ló ń gé aṣọ tuntun láì kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi? Ẹ jẹ́ kí igi mumi yó ná, ká tó mọ ibi tó là lóòótọ́."

Bí a ṣe kó gbogbo àjákù aṣọ ilé wa nìyẹn, a rẹ wọ́n, a tẹ́ wọn sórí pákó, a sì ń bomi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àwọn apẹja ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Anago ń tọ́jú ọkọ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá mi fa fìlà bojú bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Nígbà tí a ká aṣọ kúrò, igi ti wú, èyí tó là tẹ́ẹ́rẹ́ ti pa ẹnu dé fúnra rẹ̀. A jẹ́ kí oòrùn pa ojú rẹ̀ gbẹ. Mo lọ́ òwú lórí itan mi, ìyá mi ń kì í bọ ojú àwọn tó kù, ó ń da ọ̀dà gbígbóná lé e.

Òjò àkọ́rọ̀ bá ẹrù Iléyá nínú ọkọ̀ ní èbúté. Nígbà tó dá, bàbá mi rá wọ abẹ́ pákó lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde, ó ṣí fìlà.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, aṣọ gbẹ."

Kò dárúkọ iná dídá mọ́. Èmi ń yan kiri èbúté bí ẹni pé èmi ni mo dá adágún.

Mọ́tò ti ń dé àwọn abúlé wọ̀nyẹn báyìí, ọkọ̀ náà sì ti di ìtàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú u, mo gba pákó iwájú rẹ̀, òun ni òrùlé ìsọ̀ aṣọ mi lọ́jà. Nínú takisí náà, Sàídátù fi Faransé ṣàlàyé fún mi bí omi ṣe ń mú igi wú, wọ́n ti kọ́ ọ níléèwé. Mo ń mi orí bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Lọ́sàn-án àná, nígbà tí a wà ní ìsọ̀, òjò rọ̀ gidi. Mo ní kí Sàídátù na ọwọ́ kan àwọn aṣọ tó wà lábẹ́ pákó. Ó fọwọ́ kan ti òkè, ó fọwọ́ kan ti ìsàlẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Màmá àgbà, aṣọ gbẹ."