Fọ́tò Gàrí Tí Wọn Ò Fẹ́ Mu

Ọjọ́ Sátidé tí mo pe onífọ́tò wá sílé àwọn òbí mi ní Ìjẹ̀bú-Òde kò lè kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó ṣì ń bí mi nínú dòní.

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo ń dì sínú ọ̀rá tà lọ́dún tí ìjọba ológun ní kí ìrẹsì òkèèrè má wọlé mọ́. Mo fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà tí bàbá àti ìyá mi yóò ti máa mu gàrí náà, kí itọ́ lè máa yọ lẹ́nu ẹni tó bá rí i. Mo po gàrí sílẹ̀, mo gbé ẹja díndín tì í.

Àwọn òbí mi wọ aṣọ òkè jáde, wọ́n jókòó ṣánṣán, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún díẹ̀."

Bàbá mi wojú mi. "Kí n máa lanu lára ògiri onílé-onílé? Ṣé wọ̀bìà ni mí ni?"

Onífọ́tò náà gbè wọ́n lẹ́yìn. "Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

Mo bẹ̀bẹ̀ títí gàrí fi wú nínú abọ́. Onífọ́tò ti yà wọ́n bí wọ́n ṣe le kankan yẹn, ó ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Bàbá bọ́ aṣọ òkè, tí wọ́n ku síńgílẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n po gàrí mìíràn. Ìyá mi já ẹja fún wọn. Àwọn méjèèjì ń mu ún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi gàrí ń kán lágbọ̀n Bàbá.

Mo kígbe pe onífọ́tò. Ó ní fíìmù ti tán.

Nígbà tí kàlẹ́ńdà náà jáde, oníbàárà mi kan wò ó pẹ́, ó mi orí.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù," ló wí. "Ṣé ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì lọ ni?"