Nerida Tregenza àti Pírẹ́míà Tó Kọ̀ Láti Jáde Nínú Omi

Kò sẹ́ni tó mọ bí Lyle Cutforth ṣe gòkè nínú òṣèlú tó Nerida Tregenza, bẹ́ẹ̀ Nerida kò bá a ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ rí, kò sì tíì dìbò fún un ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló jẹ́ kó mọ̀ ọ́n. Òun ló ń fín ọ̀rọ̀ sára idẹ ní ìlú Mirrabool: ife ẹ̀yẹ àwọn agbábọ́ọ̀lù, orúkọ ajá, àkọlé orí pósí, àti àwọn pátákó idẹ tí wọ́n máa ń fi aṣọ bò títí ẹni ńlá kan yóò fi wá fa okùn rẹ̀. Ìgbà mẹ́tàlélógójì ló ti fín orúkọ Lyle.

Ti àkọ́kọ́ wà lára bẹ́ńṣì kan níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, nígbà tí Lyle ṣì ń ta oògùn aràn fún àwọn alágùntàn, tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Lórí pátákó yẹn, bẹ́ńṣì ni wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ. Orúkọ Lyle wà nísàlẹ̀, ó kéré bí èèrà. Nígbà tó di aṣòfin, òun àti ohun tó ṣí di ọgbọọgba. Nígbà tó di mínísítà, orúkọ rẹ̀ gba iwájú. Lọ́dún tó di Pírẹ́míà ìpínlẹ̀ wa, ó ṣí afárá kan lórí odò gbígbẹ, àwọn àlejò tó ń gba ibẹ̀ kọjá sì gbà títí dòní pé Lyle Cutforth lorúkọ odò náà.

Ogójì ọdún lórí ìdúró ti ba orúnkún Nerida méjèèjì jẹ́. Dókítà ní kó tò sórí ìlà fún iṣẹ́ abẹ, ọdún méjì ni ìlà náà. Kó tó kàn án, kò sí oògùn mìíràn ju kó máa rìn lójoojúmọ́ nínú omi tó mu ún dé àyà. Wákàtí méjì nínú mọ́tò ni irú omi bẹ́ẹ̀ fi jìnnà sí wa tẹ́lẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìdìbò mẹ́rin tí Lyle fi ń ṣèlérí rẹ̀, wọ́n ti parí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ Mirrabool. Wọ́n ti da omi kún un. Wọ́n sì ti fi ṣéènì de ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé Pírẹ́míà kò tíì wá ṣí i, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ lo ohun tí a kò tíì ṣí.

Oṣù kìíní ni, ooru sì ń mú débi pé ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Àwọn èèyàn á gbé àga wá láti ilé, wọ́n á jókòó lẹ́yìn wáyà, wọ́n á máa wo omi. Soula Mavrakis, tí wọ́n gbà láti máa ṣọ́ àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojúṣe rẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rì, ó sì ń ṣe dáadáa, torí ẹnikẹ́ni kò rì.

"Soula, jẹ́ kí n ki orúnkún bọ̀ ọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré," ni Nerida wí láti ẹ̀yìn wáyà.

"Tí mo bá jẹ́ kí o wọlé, kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn tó kù? Gbogbo wọn ló lórúnkún."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lyle sún ọjọ́ tó máa wá ṣí i síwájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Nerida ha ọjọ́ kúrò lára pátákó idẹ adágún náà, tó tún un fín, títí idẹ náà fi fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo.

Olú ìlú ni wàhálà Lyle wà. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, aráàlú ló ń fi Pírẹ́míà jẹ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ló máa ń dìbò yọ ọ́. Odette Plowman, igbákejì rẹ̀, ti sọ fún àwọn oníròyìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé ẹ̀yìn Lyle lòún wà. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí Lyle bojú wẹ̀yìn. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó wọ mọ́tò lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń bọ̀ ní Mirrabool.

Aago méjì ọ̀sán ló gun pèpéle, pẹ̀lú kóòtù àti táì. Kéèkì alágbọn wà lórí tábìlì, eṣinṣin sì wà lórí kéèkì. Ó ti sọ̀rọ̀ dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń rẹ́ irun àgùntàn nígbà tí Hamish, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó máa ń gbé fóònù méjì, sún mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, wọ́n ti dìbò."

"Ìbò wo?"

"Ìbò lórí yín ni. Odette fi ìbò kan ṣoṣo borí."

"Ìbò kan? Ta ni kò wá?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ibí lẹ wà."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìlú gbọ́.

"Odette tún ní kí ẹ má fa okùn yẹn o," ni Hamish wí. "Ó ní òun fúnra òun máa wá ṣí i lóṣù kẹta."

Bí Nerida ṣe gbọ́ oṣù kẹta báyìí, ó dìde lórí ìjókòó iwájú. Orúnkún rẹ̀ dún pà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé ìyẹn náà.

"Lyle! Ṣé o ti kọ lẹ́tà sí Gómìnà?"

Gómìnà tiwa kì í ṣàkóso nǹkan kan. Ó ń ṣojú fún ọba, ó ń mu tíì, ó sì ń gba lẹ́tà. Ṣùgbọ́n títí dìgbà tí lẹ́tà Pírẹ́míà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Pírẹ́míà ṣì ni Pírẹ́míà.

"Lẹ́tà kẹ̀? Nerida, ìsinsìnyí ni mo ń gbọ́ ọ!"

"Orí oyè lo ṣì wà nìyẹn. Mo ti fín pátákó fún Pírẹ́míà mẹ́rin, mo mọ wákàtí tí orúkọ wọn ń bàjẹ́. Tìẹ ò tíì bàjẹ́. Fa okùn."

"Màmá, ọ̀rọ̀ ìjọba lèyí," ni Hamish bẹ̀ ẹ́.

"Ọ̀rọ̀ orúnkún ni! Lyle, ṣé o fẹ́ fà á ni àbí kí n wá fà á?"

Lyle fà á. Aṣọ já bọ́, ìlú pàtẹ́wọ́, Soula sì tú ṣéènì. Nerida ló kọ́kọ́ wọlé, tòun ti fìlà oòrùn rẹ̀. Ó ń di irin mú, ó ń gba ojú ọ̀nà dídagẹ̀rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí omi fi dé àyà rẹ̀. Ó dijú.

"Ọ̀gá, mọ́tò ti wà ní sẹpẹ́," ni Hamish wí. "Gómìnà ń dúró de lẹ́tà."

Lyle wo mọ́tò. Ó wo omi. Ó bọ́ bàtà, ó ká ìbọ̀sẹ̀ sínú rẹ̀ dáadáa, ó sì fò wọnú omi tòun ti táì.

"Ọ̀gá! Ẹ jáde, ẹ wá fọwọ́ síwèé!"

"Ọwọ́ mi tutù, Hamish. Bébà á bàjẹ́."

Lyle kò mọ̀wẹ̀, nítorí náà ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nerida, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣèjọba. Ní aago mẹ́ta, ó pàṣẹ pé kí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà Gidgee. Ní aago mẹ́rin, ó fún gbogbo olùkọ́ ní ìsinmi ọjọ́ kan. Hamish na fóònù sórí omi kí Odette lè bá a sọ̀rọ̀. Lyle ní kí Hamish bá òun kí i, kó sọ pé ẹ̀yìn Odette lòún wà.

"Nerida," ló wí nígbà tó yá, "sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé mo ṣe Pírẹ́míà dáadáa?"

"Orúkọ ẹ rọrùn láti fín."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ṣé ohun kékeré nìyẹn? Ẹni tó jẹ ṣáájú ẹ, orúkọ ẹ̀ ń gba ọjọ́ méjì. Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, ijó ni mo jó." Ó rìn díẹ̀ sí i. "Omi yìí dáa, Lyle. Ó pẹ́, àmọ́ ó dáa."

Lyle tú táì rẹ̀.

Ní aago mẹ́fà, Soula fọn fèrè. "Ó ti tó! A ti fẹ́ tilẹ̀kùn! Kí gbogbo yín jáde!"

"Soula, èmi ni Pírẹ́míà o."

"Aago mẹ́fà ni mo rí ní tèmi. Jáde, má sì jẹ́ kí omi kán sílẹ̀ fún mi."

Bí ó ṣe jáde nìyẹn, kóòtù rẹ̀ ń ṣàn bí òjò. Hamish tẹ́ ọ̀rá sórí ìjókòó mọ́tò, wọ́n sì gbé e lọ bá Gómìnà. Àwa yòókù nu ara wa, a jáde.

Nerida nìkan ló kù nínú omi.

"Nerida, mo ti fọn fèrè."

"Mo gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, Soula. Àwọn orúnkún yìí ò dùn mí mọ́ rárá, wò ó."

Soula wo aago ara ògiri. Ó mú ìgbálẹ̀, ó kọjá sí apá kejì, ó kẹ̀yìn sí omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí ìdọ̀tí kankan.