Àpótí Ẹrẹ̀ Tí N Kò Fọ̀

Kí òmìnira tó dé, wúrà ni mò ń fọ̀ lẹ́bàá Iléṣà. A ó bu ẹrẹ̀ odò sínú páànù, a ó máa yí i nínú omi. Ẹrẹ̀ á ṣàn lọ, èyí tó wúwo á sì kù nísàlẹ̀. Bùọ̀dá Àjàyí ló kọ́ mi. Bó bá fọ ẹrẹ̀ tán, kò sóhun tí í ṣẹ́ kù àfi wúrà.

Nígbà tí òyìnbó kan tó ń wádìí ilẹ̀ pè wá síṣẹ́ l'Óṣogbo, a kò bi í léèrè ohunkóhun. Kí ni wọn ì bá tún fi afọwúrà ṣe? Rélùwéè gbé àpótí gbọọrọ méjì dé láti etí òkun, ẹrẹ̀ inú wọn wà ní ìpele-ìpele bí ìgbà tí èèyàn gé ògiri. Ọ̀gá ní ká kó wọn wọlé, ó sì lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Kó tó dọ̀sán, Bùọ̀dá Àjàyí ti fọ àpótí tirẹ̀ tán, ó fi ìkejì sílẹ̀ fún mi. Ó da ẹrẹ̀ àti ìkarahun inú rẹ̀ sódò, kò rí wúrà. Èmi ní tèmi ti lọ jẹ ẹ̀wà l'Ọ́jà Ọba, ọ̀rọ̀ ìṣèlú sì dá mi dúró síbẹ̀.

Bí mo ṣe dé tí mo gbé páànù ni ọ̀gá wọlé. Ó wo àpótí tó ṣófo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìkarahun yẹn gan-an ló ń wá. Ó ní kí àwa méjèèjì máa lọ sílé. Ìgbà náà ló rí àpótí kejì.

"Ta ló ni èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Kí ló dé tí o kò fọ̀ ọ́?"

Bùọ̀dá Àjàyí wò mí.

"Mo fẹ́ fara balẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá ní òun ti rí ẹni tó ní làákàyè. Mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kó má lé ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbà, ó kó wa lọ sétí òkun láti gé ẹrẹ̀ mìíràn dípò èyí tó ṣòfò.

Níbẹ̀ la ti rí ìpele ìkarahun lára òkè, níbi tí ìgbì kankan kò lè dé mọ́. Ọ̀gá ní ibi tí òkun ti pàdé ilẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ṣé òkun ló fà sẹ́yìn ni, àbí ilẹ̀ ló gòkè? Bùọ̀dá Àjàyí tọ ipasẹ̀ ìpele náà títí, ó rí i pé ó ga lápá kan, ó relẹ̀ lápá kejì.

"Ẹ wò ó, sà," ó ní, "omi kì í tẹ̀ sápá kan. Bó bá jẹ́ òkun nìkan ló fà, ọgbọọgba ni ìkarahun ì bá wà. Ilẹ̀ ló gbéra."

Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olórí òṣìṣẹ́, èmi ni wọ́n yàn, nítorí ìfarabalẹ̀ mi. Bùọ̀dá Àjàyí ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi títí a fi fẹ̀yìn tì. Níwájú èèyàn, ó ń pè mí ní ọ̀gá, ẹ̀rín kékeré a sì máa wà lẹ́nu rẹ̀. Kò tú àṣírí mi rí.