Iyọ̀ Lábẹ́ Ọkọ̀ Wa

Ẹja ni ọkọ̀ náà ń kó kí ó tó di tiwa. Ọkọ mi rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ẹja kan ní Kùtọnu, ó wà á dé Tchaourou lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, gbogbo ológbò àdúgbò sì tẹ̀ lé e wọ àgbàlá. Basé ni à ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ wà fún ẹrù, tapólì ló bò ó. Inú gbogbo wa dùn. Iṣu wa ní Kika àti Sanson kò ní máa jẹrà lóko mọ́ kí á tó rí ohun tí yóò gbé e dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ tó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ náà, kò tètè dìde. Omi iyọ̀ tó ń kán lára ẹja láti ọdún gbọọrọ ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀. Ó fi èékánná ha á, ìpẹtà pupa sì dà sí i lójú bí ìyẹ̀fun.

"Kò tíì bàjẹ́ tán," ó wí. "Ṣùgbọ́n bí a bá fi òjò ṣeré, ó parí nìyẹn."

Báyìí ni iṣẹ́ ọdọọdún wa ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, tí ojú ọ̀run bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lápá Kika, a ó wa ọkọ̀ náà gun orí òkítì bíríkì lẹ́yìn ilé, a ó tẹ́ ẹní àlòkù sábẹ́ rẹ̀, a ó sì wọ ibẹ̀ lọ. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí irin yóò fi mọ́. A ó wá po gudurọ́ọ̀nù, ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń ṣe títì, mọ́ epo ẹ́ńjìnì àlòkù, a ó bu òrí díẹ̀ sí i kí ó má baà máa là bó bá gbẹ, a ó sì fi kun irin náà ní gbígbóná.

Ọmọkùnrin tó ń bá ọkọ mi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sọdá sí Nàìjíríà, bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìgbà náà. Èmi ni mo wá ń dùbúlẹ̀ tì í. Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa, kò fara mọ́ ọn. Yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò máa wo ẹsẹ̀ wa tó yọ síta.

"Ìyàwó mi, níbo lo ti rí obìnrin tó ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin?"

"Ìyá, ẹ má bínú, ó kù díẹ̀."

"Díẹ̀ tó ti ń kù láti àárọ̀ yẹn náà ni?"

Iṣẹ́ náà ń tánni lókun ju oko lọ. Apá á máa ro wá ní gbígbé sókè, ìpẹtà á wọ ojú, á wọ ọ̀fun, ọ̀dà á kán sí irun. Síbẹ̀, abẹ́ ibẹ̀ nìkan ni èmi àti ọkọ mi ti máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ayé Rẹfolusíọ̀nù ni, ìgbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. Rédíò ń pariwo láti àárọ̀, ìpàdé ń gorí ìpàdé, oko àjọro ń dúró de ọwọ́ gbogbo ènìyàn, oníkálukú sì ń wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Nínú ilé, ọkọ mi a máa dákẹ́. Lábẹ́ ọkọ̀, tí àwa méjèèjì bá kọjú sí irin, ó máa ń sọ fún mi pé òun fẹ́ pa ọkọ̀ wíwà tì, kí òun padà sóko bàbá òun ní Kika, kí òun máa sùn nígbà tí oorun bá kun òun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ha irin náà tán, a kò tíì kùn ún, nígbà tí a rí bàtà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya. Délégé wa ni, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ládùúgbò. Ó kéré lọ́jọ́ orí sí ọkọ mi, ohùn rẹ̀ sì ti há nítorí ìpàdé.

"Kamaráàdì, ìjà ń tẹ̀ síwájú!"

"Ó ń tẹ̀ síwájú," ọkọ mi dáhùn láti abẹ́ ọkọ̀.

"Iyọ̀ ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin. Sanson àti Kika ò rí iyọ̀ rà láti ìgbà ọyẹ́. Ọkọ̀ yín nìkan ló ń rìn."

Ọkọ mi rọra yọ jáde. "Délégé, ẹ wò ó, ìhòòhò ni irin yìí wà. Ẹ jẹ́ kí n kùn ún, kí ó gbẹ. Kò sí ohun tó ń pa á bí iyọ̀."

Délégé wo ilẹ̀. "Omi eérú ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ ní Kika," ó wí. "Ilé tèmi náà, ọbẹ̀ àtẹ́ la jẹ lánàá. Ẹ jọ̀ọ́."

Kò pàṣẹ. Ká ní ó pàṣẹ ni, bóyá ọkọ mi ì bá bá a jiyàn. Ọkọ mi wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó lọ kó iyọ̀ náà.

Òjò àkọ́rọ̀ ká a mọ́ ọ̀nà Kika. Tapólì ya, àwọn àpò iyọ̀ rin, omi iyọ̀ sì ń gba àwọn ihò ilẹ̀ ọkọ̀ ṣàn sára irin tí a ha sílẹ̀ láìkùn. Nígbà tí ọkọ mi padà dé, ẹ̀wù ti gbẹ sí i lára, iyọ̀ funfun yọ létí ọrùn rẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin Kika ń jó yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń fi ìka tọ́ tapólì lá.

Ó yẹ kí á da omi púpọ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ náà, kí á fọ̀ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n òjò yẹn ò tún padà wá, ẹrẹ̀ ni kànga wa ń yọ, omi ìkòkò kékeré kan sì ni ìyá ọkọ mi ń fi ṣe àlùwàlá láti àárọ̀ dalẹ́. Ta ni yóò wá da omi sára irin? Àkísà tútù ni a fi nù ún, a nù ún, a tún nù ún, a sì kùn ún. Ó dúdú, ó ń dán. Ọkọ mi wò ó títí, ó mí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run á bá wa ṣe é," ó wí.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, a ń bọ̀ láti Kika. Èmi jókòó ti ọkọ mi níwájú. Ìyá rẹ̀ ní ooru iwájú ti pọ̀ jù, ó jókòó sórí iṣu lẹ́yìn. Ọ̀nà náà burú, a ń rìn jẹ́jẹ́, ohun tí Ọlọ́run fi yọ wá nìyẹn. Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ gbígbẹ ya. Mo bojú wẹ̀yìn: iṣu ń já bọ́ sójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ ìyá sì ti wọ inú ilẹ̀ ọkọ̀ lọ títí dé itan.

"Ẹ dúró!" mo ké. "Bàbá wọn, ẹ dúró, ìyá ti jìn!"

A fà á jáde. Egungun rẹ̀ ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n irin ti ya ojúgun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Mo tú gèlè mi, mo fi dì í. Kò sunkún. Ó ń nawọ́ sí ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Ẹ lọ kó iṣu yẹn kí màlúù àwọn Fúlàní tó débẹ̀."

Ọkọ mi kò kó iṣu. Ó ti wọ abẹ́ ọkọ̀, mo ń gbọ́ tó ń fi ìka kan irin. Ọ̀dà tó ń dán yẹn ń ṣí lọ́wọ́ rẹ̀ bí èèpo iṣu sísè, ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pupa, ó rọ̀, ó tutù. Àṣé iyọ̀ tí a bò mọ́bẹ̀ kò ṣíwọ́ jíjẹ. Nígbà tó jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó nàsẹ̀ tàntàn.

"Ìyá wọn," ó wí, "ó rẹ̀ mí."

Mo jókòó tì í. Ìyá rẹ̀ wo àwa méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí wọ́ lọ síbi tí iṣu wà. Ìgbà náà la tó dìde.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, délégé wá. Kò kí wa ní kíkí Rẹfolusíọ̀nù. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú ìyá, ó wo ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló yí àgbá irin kan wọlé, èyí tó fi ń gbe omi òjò nílé rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń jó irin gé e," ó wí, "kí wọ́n jó o mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ náà."

Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ha gbogbo ọ̀dà àtijọ́ kúrò ná. Omi ti wà lásìkò yẹn, a fọ abẹ́ ọkọ̀ náà títí ẹrẹ̀ fi gba àgbàlá. Délégé bọ́ ẹ̀wù kakí rẹ̀, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì dùbúlẹ̀ ti ọkọ mi. A ń ha irin. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn délégé.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, kò pè é ní kamaráàdì, "ó rẹ èmi náà o."

"Mo mọ̀," ọkọ mi dáhùn. "Ẹ máa ha á lọ."

Ilẹ̀ tí wọ́n fi àgbá yẹn ṣe gbé iṣu wa fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, títí ọkọ mi fi ta ọkọ̀ náà tó sì padà sóko ní Kika lóòótọ́. Ẹsẹ̀ ìyá jinná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dùn ún nígbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, nígbà tí a ṣíwọ́, a fi òrí àti iyẹ̀pẹ̀ bó ọ̀dà kúrò lọ́wọ́, mo gbé iṣu sísè kalẹ̀, délégé jẹ ẹ́, ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní wa, oorun sì gbé e lọ. Fèrè ìpàdé dún, kò gbọ́. Ọkùnrin kan sáré wá láti ibi ìpàdé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀sán. Ṣé ẹ rí délégé níhìn-ín? Gbogbo èèyàn ti pé."

Ìyá ọkọ mi sún díẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí níbí," ó wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láìsí i."