Kòkó Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n Nínú Abọ́ Mi

Ní gbogbo àdúgbò wa, Arakale, kò sí ọmọkùnrin tó gbọ́n tó mi nígbà yẹn. Ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, bí mo bá ti fetí sí i báyìí, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Pé mo fi ìwé sílẹ̀ láìparí, ìyẹn ò dín ọgbọ́n mi kù. Àbúrò mi obìnrin ló dúró ti ìwé, kò sì sí àlejò tó máa wọlé wa tí kò ní yìn ín. Ó máa ń ta mí lára bí ata.

Mo rántí bí obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ṣe wá sílé wa nígbà ọyẹ́. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ báńkì kọ́ ló bá wá. Iṣẹ́ ilé ló ń wádìí: ta ló ń gbálẹ̀, ta ló ń pọnmi, ta ló ń tọ́jú ọmọ. Ó ní ọrọ̀ ìlú ni gbogbo ẹ̀, wọn kàn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ó fún èmi, màmá wa àti àbúrò mi ní abọ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì da kóró kòkó gbígbẹ sílẹ̀ fún wa. Wákàtí kan téèyàn bá fi ṣiṣẹ́ ilé, kó ju kóró kan sínú abọ́ rẹ̀, láti àárọ̀ yẹn di àárọ̀ ọ̀la. Ẹni tó bá ṣe é péye jù ló máa bá òun lọ sí Bọ́lọ́rundúró, kó máa bi àwọn ará oko ní ìbéèrè, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn.

Káàdì yẹn wọ̀ mí lójú. Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti sọ fún ọ̀gá mi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì pé èmi ni wọ́n mú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yọjú wo abọ́ wọn. Màmá wa ní mẹ́rìnlá, àbúrò mi ní mọ́kànlá. Tèmi jẹ́ mẹ́ta, bọ́ọ̀lù ni mo sì ń wò nínú ọ̀kan. Inú bí mi. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ kòkó kún un, n ò kà á.

Obìnrin náà dé, ó kà á lójú gbogbo wa. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, wákàtí mélòó ló wà nínú ọjọ́ kan?"

"Mẹ́rìnlélógún, mà."

Màmá wa wò mí. "Ọkọ mi, ṣé ilẹ̀ tìẹ kì í ṣú ni?"

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rín wọn kọ́ ló dùn mí jù o. Àbúrò mi ló ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lọ́la. Bọ̀dá mi máa ń ṣiṣẹ́." Òun ló ń bá mi bẹ̀bẹ̀! Mo ní mi ò ṣe mọ́, mo jáde. Ìgbà tí mo padà dé, káàdì ti wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó wà ní yunifásítì báyìí, ní Oǹdó, iṣẹ́ obìnrin yẹn gan-an ló ń kọ́. Mo ṣì ń jowú ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó pè láàárọ̀ yìí pé òun ti wọ mọ́tò, òun ń bọ̀ wálé. Mo ti pọnmi, mo ti fọ aṣọ màmá wa, ẹ̀wà wà lórí iná. Kóró kòkó mẹ́ta ni mo sọ sínú abọ́, mo gbé e síbi tó ti máa rí i. Wákàtí mẹ́ta péré, ó pé.

Ẹ̀wà ti ń jóná. Mo ń lọ.