Orúkọ Tí Lìádì Kọ Sẹ́yìn Bánà

Láti àárín ni Lìádì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ pátákó. Bí o bá ní kó kọ MAI SHAYI fún ẹni tó ń ta tíì, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí M bí ọmọ iléèwé. Yóò ka lẹ́tà, yóò ka àlàfo mọ́ ọn, yóò fi ẹfun sàmì síbi tí S yóò dúró, S náà ni yóò sì kọ́kọ́ kọ. Ó ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí ni pátákó máa ń tán mọ́ lọ́wọ́.

Ọmọ Jos ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ fún àwọn tó ń wa kùsà tánganran. Angwan Rogo ni wọ́n bí Lìádì sí, níbẹ̀ ló sì ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì jẹun láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Pátákó yòówù tó bá kọ, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀. Haúsá ló ń bá àwọn oníbàárà sọ, ó ń bá Ọláyídé ìyàwó rẹ̀ sọ Yorùbá, ó sì ń fi èyí tó bá kọ́kọ́ wá sẹ́nu bú àwọn ewúrẹ́ tó ń fara nu ọ̀dà tútù.

Ojú rẹ̀ ló fẹ́ já a kulẹ̀. Láti kékeré ni eruku ọyẹ́ ti máa ń yọ ọ́ lójú lẹ́nu, tí yóò sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á. Nígbà tó fi pé àádọ́ta ọdún, awọ dídán tó bo iwájú ẹyinjú rẹ̀ ti yọ ṣóńṣó síta. Lẹ́tà kan á di méjì, ọ̀kan lórí èkejì, bí ìwé tí omi ta sí. Dókítà ní kò sí gíláàsì tó lè tún un ṣe. Ó wá kọ pátákó fún onígbàjámọ̀ kan, ó sì kọ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun gbogbo ti ń dà bíi méjì lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ pé ọwọ́ òun gan-an ló kọ ìkejì. Onígbàjámọ̀ náà kò bá a jà. Ó kàn lọ fi ẹ̀rọ tẹ bánà dípò rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oníbàárà yòókù ń lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ kan ti Àbújá wá sí gbọ̀ngàn kan ní Naraguta, ní Jos, wọ́n ń wá ẹni tí wọn yóò fi dán awò ojú tuntun kan wò. Gideon, ẹnjiníà wọn tó jẹ́ ọmọ Jos, ló dé e sí Lìádì lórí. Ó wúwo, kámẹ́rà kékeré wà níwájú rẹ̀, wáyà rẹ̀ sì so mọ́ bátìrì inú àpò. Gideon ṣàlàyé pé kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n kékeré tí ènìyàn ń wò. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín bí irun ló ń gba àárín ẹyinjú wọlé, tó ń ya ohun tí kámẹ́rà rí sára awọ tó wà ní ẹ̀yìn ojú lọ́hùn-ún. Bí iwájú ojú bá wọ́, kò kàn án.

"Baba, ka gani?" Gideon bi í bóyá ó ti ríran.

Lìádì yíjú padà. Ojú fèrèsé ló ń gbà wo òdìkejì títì, níbi tí pátákó àtijọ́ kan wà tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí. Ní igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ka orúkọ ara rẹ̀.

"Kai!" ló wí. "Ta ló ní kí n fa ẹsẹ̀ L yẹn gùn tó báyẹn?"

Wọ́n ní kó máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́ta. Ó ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kí wọ́n tó dé awò náà sí i lórí. Nígbà tó délé ló tó rí i kà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kó wá kí àwọn onígbọ̀wọ́ lè rí i. Olúwafúnmilọ́lá, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bójú tó ìpolongo iléeṣẹ́ náà, ti fi bánà ńlá kan kọ́ ògiri. Àwòrán Lìádì wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni MAKAHO YA GANI, ìyẹn ni pé afọ́jú ti ríran.

"Bàbá, ibí lẹ máa dúró sí," ló wí. "Táwọn àlejò bá ti wọlé, ẹ yọ awò yẹn, kẹ́ ẹ máa táràrà díẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá dé e padà."

"Ta ni makaho?"

"Bàbá, ìpolongo lásán ni."

"Ta ni, mo ní?"

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹ ò ríran dáadáa."

"Kò sí èébú nínú ká fọ́jú, ọmọ mi. Aládùúgbò mi kan fọ́jú, kò sì sẹ́ni tó mọ rédíò tún ṣe tó o. Ṣùgbọ́n èmi ò fọ́jú. Ojú mi wọ́ ni. Pátákó ni mo ń kọ. Tí Angwan Rogo bá ka eléyìí, ta ló máa tún gbé pátákó wá fún mi?"

"Bàbá, wọ́n ti dé ẹnu géètì. Tẹ́ ẹ ò bá dúró, a máa gba awò wa o."

"To, ó dáa," ni Lìádì wí. Ó fa àga, ó jókòó, ó sì yọ ìwé àdéhùn náà láti inú àpò bùbá rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kéré bí èèrà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, láìkánjú, bí àwọn àlejò ti ń wọlé tí wọ́n ń dúró gbọ́. Ó dé ìlà keje: oṣù mẹ́ta ni ẹni tó ń dán awò náà wò yóò fi lò ó. Ó dé ìlà kẹsàn-án: iléeṣẹ́ kò gbọdọ̀ lo orúkọ rẹ̀ tàbí àwòrán rẹ̀ láìjẹ́ pé ó gbà.

Ó gbójú sókè. "Ṣé mo kà á re, àbí afọ́jú ló kà á?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Gideon wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Gaskiya ne. Òótọ́ ni Baba sọ."

Olúwafúnmilọ́lá fa bánà náà kúrò lára ògiri. Ó súnmọ́ Lìádì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Kò burú, Bàbá. Ṣùgbọ́n tó bá pé oṣù mẹ́ta, a ò ní fi ọjọ́ kan kún un fún yín."

"Mi ò bẹ̀ yín."

Lìádì gba bánà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó yí i dojú dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Búrọ́ọ̀ṣì àti agolo ọ̀dà dúdú kì í wọ́n nínú báàgì rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ka lẹ́tà, ó ka àlàfo mọ́ ọn, ó sì kọ Y sí àárín. Nígbà tó dìde, ohun tó wà níbẹ̀ ni LIADI YA GANI, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà ní igun ìsàlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi í kọ́ ògiri, ó sì dúró sábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ya àwòrán wàyí," ló wí. "Eléyìí, mo gbà."

Kò fi oṣù mẹ́ta náà ṣeré. Ojoojúmọ́ ló ń fi àlùmọ́gàjí gé páànù sí lẹ́tà, láti A dé Z, ní títóbi mẹ́rin, tó sì ń fi ayùn wẹ́wẹ́ rin etí wọn kí wọ́n má baà ya òun lọ́wọ́ bí òun bá ń fọwọ́ tọ wọ́n kọ pátákó.

"Ṣé òrùlé lẹ fẹ́ tún kàn ni?" Ọláyídé bi í.

"Ojú ni mò ń gé. Èyí tẹ́nìkan ò ní wá gbà."

Ní ọjọ́ tí oṣù mẹ́ta pé, Gideon wá, ojú ń tì í. Lìádì ti nu awò náà, ó ti ká wáyà rẹ̀ dáadáa. Ó gbé e fún un, ó sì ní kó bá òun kí àwọn ará Àbújá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan tó ń ta tíì nítòsí àdúgbò Hwolshe gbé pátákó wá. Lìádì fi okùn wọ̀n ọ́n, ó ká okùn náà sí méjì, ó sì kan ìṣó kékeré sí àárín. Ó fi àtàǹpàkò wá orí ìṣó náà títí ó fi kàn án. Ó wá gbé páànù S lé e.